Orúkọ Tí Àwo Oúnjẹ Sọ Wá

Àlájà tó ni búkà lẹ́bàá ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ní Omagwa ló kọ́kọ́ sọ fún mi ibi tí àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe oúnjẹ níbẹ̀ ti wá. Tí ẹ bá bá irọ́ níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Tí ẹ bá bá ẹ̀bi níbẹ̀, tèmi ni.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlájà. Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ ni wọ́n gbé mi láti Ìbàdàn wá sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní Port Harcourt, iṣẹ́ sì ń gbé mi dé pápákọ̀ lójoojúmọ́. Mi ò mọ ẹnì kankan. Ọjọ́ kìíní tí mo wọ búkà náà, mo gbọ́ tí ọmọbìnrin Ikwerre tó ń gbé àwo kígbe sí kíṣìnì pé, "Opó kan! Tọkọtaya méjì! Isiokpo mẹ́ta, make rain fall!" Mo rò pé ìjà ni.

Mo bi Àlájà. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ìró nu ọwọ́. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀, òun náà máa ń kígbe bíi ti gbogbo ayé pé, "Ẹ̀bà kan, kò sẹ́ran!" títí di ọjọ́ tí ọkùnrin kan tó de táì gbọ́ ọ lójú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà dìde, kò sì padà wá mọ́.

"Ojú tì mí jù ú lọ," Àlájà wí. "Ebi ń pa èèyàn, èmi tún wá ń polongo rẹ̀ fáráyé."

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀bà tí kò lẹ́ran di opó. Ìrẹsì àti ẹ̀wà nínú àwo kan di tọkọtaya. Isiokpo ni ẹ̀bà fúnra rẹ̀, nítorí ìlú náà ni gàrí rẹ̀ ti ń wá. Kí òjò rọ̀ ni kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí i dáadáa. Ọbẹ̀ àná tí wọ́n tún gbé kaná, Okrika ni, bí aṣọ tí ẹlòmíì ti wọ̀ rí.

"Àṣírí ni mo ń bò," ó wí. "Ìbora lásán ni àwọn ọ̀rọ̀ yẹn."

Ìbora kan náà ló fi bo orúkọ wa. Kọ́sítọ́ọ̀mù ń jẹun níbẹ̀, ọlọ́pàá ń jẹun níbẹ̀, ẹni tó ń sá fún méjèèjì náà ń jẹun níbẹ̀. Nítorí náà Àlájà kì í bèèrè orúkọ. Àwo rẹ ni yóò sọ ọ́ lórúkọ. Orí ẹja ni èmi máa ń bèèrè, ni mo bá di Orí-Ẹja. Tí àlejò bá ṣèèṣì bèèrè orúkọ ẹnìkan, gbogbo búkà á dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "You be police?" A ó wá rẹ́rìn-ín títí.

Ọkùnrin tí mo torí rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ni Ọbẹ̀-Ṣíwájú. Aago ọwọ́ ló ń tún ṣe kiri, kò ní ṣọ́ọ̀bù, àpótí rẹ̀ kékeré wà lábíyá. Tó bá jókòó, ọbẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé fún un. Yóò mu ṣíbí mẹ́ta, yóò di ojú, yóò ní, "Ó ti délé. Ẹ gbé ẹ̀bà bọ̀." Mo bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní ìyá òun ló kọ́ òun pé kí òun máa fi ọbẹ̀ kan ilẹ̀kùn ikùn kí òun tó wọlé. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún méjì gbáko la fi kọjú síra lórí tábìlì kan náà.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ó gbé ṣíbí dúró. Ó ní, "Orí-Ẹja, gbọ́. Ó yẹ kí ẹnìkan mọ orúkọ mi níbí o. Orúkọ mi ni..."

"You be police?" Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Gbogbo búkà gbè é. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó wò mí díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Ó di ọjọ́ mìíràn."

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán gangan, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé eré ni. Nígbà tí mo wo ojú rẹ̀, ẹnu ti wọ́ sápá kan. Èmi àti Àlájà la gbé e wọ tásì dé ọsibítù.

Nọ́ọ̀sì mú bírò. "Wetin be the patient name?"

Àlájà wò mí. Mo wo Àlájà. Mo ní, "Ọbẹ̀-Ṣíwájú."

"Na surname be that?"

Nọ́ọ̀sì kọ "Mista Obe" sórí káàdì. Ó ní ibo ló ń gbé, ta ni èèyàn rẹ̀. Ni Àlájà bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tó mọ̀: kì í jẹ ilá, ata rodo máa ń mú un wúkọ́, kì í wá lọ́jọ́ Jímọ̀. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀.

"Madam, I no ask you wetin e dey chop."

A tú àpò rẹ̀: áńkáṣíìfù kan àti kọ́kọ́rọ́ àgádágodo kan. Kò sí ìwé. A tú àpótí rẹ̀: aago àwọn oníbàárà rẹ̀ ló kún ibẹ̀, kò sí èyí tí a kọ orúkọ sí. Kí la fẹ́ fi kọ́kọ́rọ́ ṣe? Ṣé ká máa ti í bọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ní gbogbo Port Harcourt, kí wọ́n lù wá pa bí olè? A lọ sí ilé rédíò. Wọ́n ní orúkọ wo ni káwọn kéde. Wọ́n sì bá wa kéde ẹ̀ náà pé ẹni tó bá mọ bàbá kan "wey dey drink soup before e chop" kó yọjú. A gbọ́ tí ẹ̀rín ń gbọn ohùn ẹni tó kéde rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yọjú.

Mo jókòó tì í lójoojúmọ́. Kò lè sọ̀rọ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Mo ní kó di ojú tí mo bá pe orúkọ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀: orúkọ mùsùlùmí, orúkọ onígbàgbọ́, orúkọ Ọ̀yọ́, orúkọ Kwara. Ní orúkọ kejìlá, ó di ojú. Mo fò sókè. Mo tún un pè, kò dì í. Mo pe òmíràn, ó dì í. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ ló ń di ojú sí, omi sì ń bọ́ níbẹ̀. Mo fi orúkọ pípè sílẹ̀.

Àlájà wọlé pẹ̀lú fúláàsì. Ó ní, "Ọbẹ̀-Ṣíwájú, ẹ pẹ̀lẹ́ o." Ọkùnrin náà yí orí sí i kíá.

Ọjọ́ kẹsàn-án ló kú. A kò mọ̀ bóyá ká pe lèmọ́mù tàbí ká pe pásítọ̀, a kò sì ní orúkọ tí èyíkéyìí nínú wọn lè fi gbàdúrà. Ìjọba ló sin ín pẹ̀lú àwọn tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè.

Àlájà gbé ìwé kan sẹ́nu ọ̀nà búkà, kí oníbàárà máa kọ orúkọ àti ìlú rẹ̀. "You be police?" ni wọ́n ń wí. Èèyàn mẹ́ta ló kọ ọ́, a sì padà rí i pé irọ́ ni méjì. Àwọn tó kù ṣí lọ sí búkà kejì. Lẹ́yìn oṣù kan, ó gbé ìwé náà wọlé, ó fi ń fẹ́ná.

Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ṣì ń gbé Port Harcourt. Búkà náà kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, nílé oúnjẹ kan láàárín ìlú, mo gbọ́ tí ọmọge kan kígbe sí kíṣìnì pé, "Opó kan!" Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ọ̀rọ̀ rìn jìnnà, ó ń yè. Kọ́kọ́rọ́ Ọbẹ̀-Ṣíwájú ṣì wà láàárín àwọn kọ́kọ́rọ́ tèmi, níbi tí mo so wọ́n pọ̀ sí. Bóyá ẹnìkan wà níbìkan tó ń retí ẹni tí yóò fi ṣílẹ̀kùn wọlé.

Ìwọ tó jókòó tó ń gbọ́ mi yìí, níbi tí o ti ń jẹun lójoojúmọ́, tí ṣíbí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ lọ́la, orúkọ wo ni wọn yóò fi wá ilé rẹ?