Àìsùn Ọ̀sán tí Dosu Ṣe fún Ẹ̀rọ

Bí ẹ bá dárúkọ Dosu olóògbé ní Mowo, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ fún yín ni pé ọkùnrin náà kó ẹgbẹ́ akọrin jọ ní ọ̀sán gangan, ó ṣe àìsùn fún ẹ̀rọ. Wọn kò purọ́ mọ́ ọn. Inú ṣọ́ọ̀bù Adédoyin atẹ̀wé ló ti ṣẹlẹ̀, Adédoyin fúnra rẹ̀ kì í sì í lè sọ ọ́ dópin kí ẹ̀rín tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni Dosu ń ṣe. Lójú tirẹ̀, ohunkóhun tó bá ti ń yí, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Nígbà tó tú ẹ́ńjìnnì Ràímì apẹja ní Gbaji, tó sì tò ó padà, àwọn nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ràímì bi í pé ibo ni ìwọ̀nyí ti wá. Dosu rọra kó wọn sápò, ó ní ẹ́ńjìnnì náà ló ti sanra jù, òun bá a dín ọ̀rá rẹ̀ kù díẹ̀ ni. Ohun tó wá ń dun àwọn tó fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni pé ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́.

Ayé ìjọba sójà ni à ń wí yìí, nígbà tí epo bẹntiróòlù di ohun tí à ń fi ẹ̀bẹ̀ rà, tí iná sì ń wá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Ìjẹ̀bú ni Adédoyin ti wá, ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìjanikin. Kọ̀ǹpútà kan ló ní, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ọn lẹ́yìn, tí wọ́n ń pè ní háàdì dísìkì. Inú àpótí yìí ni gbogbo ohun tó bá tẹ̀ máa ń wà.

Iṣẹ́ tó sì wà níbẹ̀ lọ́dún náà kì í ṣe iṣẹ́ kékeré: ìwé orin Ègùn ti ìjọ Dosu ni, orin tí àwọn àgbà ìjọ ti fọwọ́ kọ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Adédoyin ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tán ni òjò ya wọ ilé alàgbà tó kó àfọwọ́kọ náà sábẹ́ ibùsùn, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀kọ. Àpótí nìkan ló kù. Bó bá kú, orin ti lọ nìyẹn, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó mọ̀ wọ́n lórí ti wọ ilẹ̀ lọ.

Àpótí náà bá bẹ̀rẹ̀ ìyọnu. Bí Adédoyin bá ń ṣiṣẹ́, á máa kùn jẹ́jẹ́. Bó bá dìde lọ wo ẹ̀wà lórí sítóòfù, á dákẹ́, ohun tó ń yí nínú rẹ̀ á dúró. Tí wọ́n bá ní kó jí, á máa ró kà-kà-kà, kọ̀ǹpútà á sì gan pa. Lójoojúmọ́ ni jíjí rẹ̀ ń le sí i. Ẹ̀rù ba obìnrin náà. Kò sí epo tí wọ́n máa fi gbé e lọ Èkó, ló bá ránṣẹ́ pe Dosu.

Dosu dé, ó fi orí sikirudíráfà kan àpótí, ó fi ìdí rẹ̀ sétí bíi dókítà. Ó ní iná ni kò lágbára. Ó gbé jẹnẹrétọ̀ wá, ó da epo ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ti po ọ́ìlì mọ́ sínú rẹ̀, èéfín gba ilé kan títí àwọn aládùúgbò fi gbé omi wá pé iná ń jó. Àpótí sùn. Ó pààrọ̀ wáyà, àpótí sùn. Ó ní ooru ni, ó gbé fáànù kọjú sí i. Àpótí sùn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ló bá fa àga, ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Nígbà tó yá, ó ní, "Doyin, ṣé o kíyè sí i pé kì í sùn níwájú rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe ọmọ ọwọ́."

"Ara rẹ̀ yá. Ó kàn dá wà ni."

Adédoyin rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Lóòótọ́, ìgbà tí kò bá sẹ́ni tó bi àpótí léèrè ohunkóhun ló máa ń sùn. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni ẹnì kan ṣàlàyé fún un pé kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti pa láṣẹ kó máa fún àpótí náà ní ìsinmi bí kò bá sẹ́ni tó ń lò ó. Lọ́jọ́ yẹn, ohun kan ṣoṣo ló dá a lójú: bí àwọn bá lè gba oorun lójú rẹ̀ títí wọ́n á fi tẹ ìwé orin náà jáde lórí bébà, ewu ti kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ jáde ń rìn bí ìgbín, ojú Adédoyin sì gbọ́dọ̀ wà lára bébà, ó lè gbàgbé láti máa fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà kí àpótí má bàa sùn.

Dosu ní ìyẹn kò le, ṣebí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àìsùn. Ó lọ kó ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wá. Ruth, olórí wọn, sáré wọlé, ó ní ta ló kú.

"Kò tíì sí ẹni tó kú," Dosu dáhùn. "Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn."

Wọ́n kọrin, ṣọ́ọ̀bù kún dé ẹnu títì. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lọ ṣí fìlà, ó kí Dosu kú ará fẹ́ra kù. Dosu dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ó ṣì ń mí. Bí ẹsẹ orin kan bá ti parí, Adédoyin á rántí fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, àpótí á sì kùn. Dosu á ní, ẹ ò rí i, ó ń gbè é. Adédoyin kò bá a jiyàn, torí bí kì í bá ṣe orin náà, òun ì bá ti gbàgbé.

Ojú ewé tó kẹ́yìn jáde. Ruth dánu dúró kó mí, àpótí ró kà lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, kò sì jí mọ́ títí ayé. Àwọn akọrin ń dì mọ́ra wọn, ṣùgbọ́n Dosu kò bá wọn yọ̀. Ó gbé ìdì bébà náà, ó ń ṣí i síwá sẹ́yìn. Kò mọ̀wé.

"Doyin," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "èwo ni ti ìyá mi?"

Adédoyin kò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ àwọn orin náà sílẹ̀. Ó bi í ní orúkọ ìyá náà, ó wá a títí ó fi rí i nísàlẹ̀ orin kan, ó nàka sí i fún un. Dosu gbé àtàǹpàkò rẹ̀ tó dúdú fún ọ́ìlì lé orúkọ ìyá rẹ̀, kò sì tètè gbé e kúrò. Nígbà tó gbé e, àmì ti mú bébà.

Kò sí bí wọ́n ṣe lè tún un tẹ̀ mọ́, àpótí ti kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni bébà ṣe lọ sí ilé ìtẹ̀wé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àmì àtàǹpàkò náà ṣe wà nínú gbogbo ìwé tó jáde. Inú kọ́kọ́ bí àwọn alàgbà. Lónìí tí Dosu kò sí mọ́, tí wọ́n bá pe orin yẹn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé kì í wá nọ́ńbà, àtàǹpàkò ni wọ́n ń wá. Adédoyin náà ní ìwé tirẹ̀. Ó máa ń fi ìka ara rẹ̀ lé àmì náà nígbà míì, ìka náà kò sì kún ojú àmì náà rí.