Ọmọ Ọwọ́ Tó Wọ Pápá Lẹ́ẹ̀mọ́kànlá

Èmi ni akọ̀wé fáńtásì wa, ẹni tó bá sì mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í fi òfin ṣeré. Àwa mẹ́jọ là ń ṣe é. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á kó orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù lóòótọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ sórí ìwé, á pè wọ́n ní tìmù tirẹ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá ní Sátidé ló máa sọ iye máàkì tó máa gbà. Kò sí owó níbẹ̀. Iyì là ń bá ara wa dù, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó le.

Tí sáà bá parí, ẹnì kọ̀ọ̀kan lè mú agbábọ́ọ̀lù mẹ́ta dání wọ sáà tuntun. Àwọn yòókù á padà sínú agbọ̀n, a ó wá máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣe ìkẹyìn ló ń kọ́kọ́ mú. Ọmọ ọwọ́ nìkan ni a kì í kà mọ́ mẹ́ta yẹn, a lè mú un dání láfikún. Ọmọ tuntun tí kò tíì wọ pápá ju ìgbà mẹ́wàá lọ là ń pè bẹ́ẹ̀. Alága wa ló dá a lábàá, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Sájà. Wọ́n ní láti Ìyànà-Ìbà títí dé Ọ̀kọ́kọ́máíkò, ọmọ tí ìyá gbé lẹ́sẹ̀ kì í sanwó ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó jiyàn, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìyàwó mi, tó ń ṣe tíṣà nínú bárékè Ọ̀jọ́, wọ ẹgbẹ́ nígbà tí àbúrò rẹ̀ lọ sí Kánádà tó sì fi tìmù tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Lọ́dún tó kọjá, ó ní ọmọ ọwọ́ kan tó ń gbá ẹ̀yìn. Mo wo ìwé mi, mo rí i pé ọmọ náà ti wọ pápá lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ìkọkànlá yẹn, ìṣẹ́jú kan péré ló kù kí réfirí fọn fèrè ìparí tí wọ́n fi mú un wọlé.

“Dádì, kò tiẹ̀ fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù,” ìyàwó mi wí.

“Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ tẹ pápá?”

“Ó tẹ̀ ẹ́.”

“Ó ti kà nìyẹn.”

Ó gbé oúnjẹ mi kalẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹran rẹ̀ pé, àmọ́ kò bá mi jókòó. Ọ̀rẹ́ mi tí ṣọ́ọ̀bù wa jọ fara kanra l'Álàbá, ọmọ Íbò tó ń ta rìmóòtù, ló mú ọmọ náà nínú agbọ̀n, ó sì fi jẹ máàkì títí ọdún fi parí. Ìyàwó mi ló ṣe ìkẹyìn. Èmi ní tèmi ń yan fanda. Mo ń sọ fún gbogbo ayé pé ẹni tí kò lè ṣojúsàájú fún aya rẹ̀ ló yẹ ní akọ̀wé.

Èmi náà ní ọmọ ọwọ́ tèmi. Iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ni mò ń ṣe, ọjọ́ kan tí mo tan ọ̀kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe wò, bọ́ọ̀lù àwọn màjèṣín ló gbé wá. Mo rí ọmọdé kan lápá òsì tó ń sá bí ẹni tí ajá ń lé. Mo fi irinṣẹ́ sílẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn páálí. Ọdún méjì ni mo fi tọ́jú rẹ̀ tí n kò rí máàkì gidi lára rẹ̀, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo àwọn ìràwọ̀ mi lọ. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ọdún yìí ni yóò bú gbàù.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú ìpàdé tí a ti ń mú agbábọ́ọ̀lù, lẹ́yìn tí gbogbo wa ti fi orúkọ àwọn tí a fẹ́ mú dání ránṣẹ́ sí alága, mo tún ìwé yẹ̀ wò. Ọjọ́rú kan wà tí iná ti lọ ládùúgbò wa fún ọjọ́ mẹ́rin, tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tí n kò kọ sílẹ̀. Ọmọ mi wọlé lọ́jọ́ náà. Ó di mọ́kànlá.

Orúkọ tí a bá ti fi ránṣẹ́ kò ṣe é yí padà mọ́. Èyí tí kò bá tọ́ á padà sínú agbọ̀n. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo ní ta ló máa mọ̀? Mo ní ṣé èmi ló mú iná lọ ni? N kò tíì rí ìgbà tí ẹnu mi dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì kórìíra ara mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, a pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Sájà ní Ìbà. Mo ṣí ìwé, mo jẹ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi onírìmóòtù kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

“Secretary, you for just keep quiet now!”

“Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀,” Bàbá Sájà wí, àmọ́ àánú mi ṣe wọ́n. “Ó sọ òótọ́. Tí gbogbo wa bá gbà, ẹ jẹ́ ká fojú fò ó fún un.”

Wọ́n bi wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn gbà, ọ̀rẹ́ mi pàápàá gbà. Ó kan ìyàwó mi.

“Èmi ò gbà, sà,” ló wí.

Ọmọ mi padà sínú agbọ̀n nìyẹn. Òun tó ṣe ìkẹyìn ló sì kàn láti kọ́kọ́ mú. Ó dárúkọ ọmọ mi ní kedere, bí ìgbà tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Èmi náà ni mo fi ọwọ́ mi kọ ọ́ sí ojú ewé rẹ̀.

Inú bí mi. Iwájú rẹ̀ ni mò ń rìn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́ pé mọ́kànlá ni,” ó ṣàdédé wí. “Èmi náà ń kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo dúró. “Ká ní mi ò sọ ọ́ ńkọ́?”

“Mi ò ní sọ nǹkan kan, Dádì. Àmọ́ màá ti mọ̀.”

Ó gba ìwé ẹgbẹ́ lọ́wọ́ mi, a jọ wọlé. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ọmọ náà gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì. Ìyàwó mi fò sókè, ó dì mọ́ mi, mo sì ń pariwo pẹ̀lú rẹ̀, èmi tí mo wà ní ipò keje.