Orí Mi Bo Ilé Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Williamsville, kò sí ọmọ tí wọ́n ya ní fọ́tò tó mi ládùúgbò. Kì í ṣe pé mo lẹ́wà o. Bàbá mi ló ń ya fọ́tò, èmi ló sì fi ń dán kámẹ́rà wò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ó rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi ìpara ra ojú wa, tí wọ́n á ní ká má ṣẹ́jú.

Lọ́dún tó ṣáájú ogun abẹ́lé, ìròyìn dé láti abúlé tí wọ́n bí Bàbá sí, lọ́nà ìlú Divo. Wọ́n ti ta ilẹ̀ náà, wọn yóò wó ilé tí Ìyá Àgbà kọ́, wọn yóò gbin rọ́bà síbẹ̀. Bàbá kò lè jẹun.

"Màá lọ gbé ilé ìyá mi wá," ó wí.

Ní Sátidé, ó yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé èmi àti kámẹ́rà sí i. Kò síbi tí kò dúró sí: oko kòkó tó ń kú lọ, odò tó ti fẹ́ẹ̀ gbẹ, abúlé tí koríko ti gba ojúlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ya ènìyàn kò mọ bí wọ́n ṣe ń ya igi. "Fọ́tò tí kò sí ènìyàn, fọ́tò òfo ni," Bàbá wí. Èmi ni mo wá ń dúró síwájú gbogbo nǹkan, tí èèrà ń jẹ mí lẹ́sẹ̀. "Má bouge!" Bí mo bá mira pẹ́nrẹ́n, ìfọ́tí ni. Atiẹkẹ, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí Màmá dì fún wa, ń rùn bí epo ọkọ̀, a jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé náà, fíìmù ku ẹyọ kan. Ipa ìka Ìyá Àgbà ṣì wà lára amọ̀ ògiri. Bàbá fọwọ́ kàn án, ó fi etí ẹ̀wù nu ojú.

"Padà sẹ́yìn, dúró lẹ́nu ọ̀nà," ó ní.

Ó ti sú mi, inú ń bí mi. Mo sún síwájú. Kámẹ́rà dún.

Bàbá kò fọ́ mi létí. Ó ki kámẹ́rà bọ àpò, ó tan ọkọ̀. Ìbá fọ́ mi létí, ìbá sàn fún mi.

Bàbá ti kú. Rọ́bà ló tò lọ bẹẹrẹbẹ níbẹ̀ báyìí, n kò tilẹ̀ mọ ibi tí kànga ilé náà wà. Àwọn ọmọ mi ń fi fóònù ya àwo dòdò alókò kan nígbà mẹ́wàá, wọ́n á sì pa á rẹ́. Èmi, ẹyọ kan náà ni mo ní. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbíkẹ́yìn mi mú fọ́tò náà lọ́wọ́.

"Maman, ilé ta ló wà lẹ́yìn yín yìí?"

Mo fi àtàǹpàkò bo orí ara mi nínú fọ́tò kí ó lè rí ilé náà dáadáa. Àbọ̀ fèrèsé ló rí.