Àpò Ìsùn Tó Tóbi Ju Ọmọ Mi Lọ

Bàbá ọmọ mi ló ṣèlérí fún un pé tí òtútù bá ti dé, àwọn méjèèjì á jọ lọ pàgọ́ sórí òkè, káwọn sùn sáàárín yìnyín. Mo máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Oṣù kẹjọ ló ṣubú níbi iṣẹ́, kò sì dìde mọ́.

Nígbà tí iléèwé wá ní àwọn fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sórí òkè, tèmi ní òun ń lọ. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ pé rárá, àmọ́ ẹ̀rù bà mí. Ẹnì kan ti lọ mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí òtútù ṣe èkejì léṣe.

Wọ́n ní kí kálukú mú àpò ìsùn tiẹ̀ wá, èyí téèyàn ń kó wọ̀ bí ìgbín ṣe ń kó sínú ìkarahun. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Richmond Hill, nílùú òyìnbó tá à ń gbé. Tàgbàlagbà ni mo nawọ́ sí. Ọmọ mi fi Gẹ̀ẹ́sì ní ó ti tóbi jù.

"Wàá dàgbà bá a," ni mo wí.

Bí wọ́n ṣe ra bàtà iléèwé fún èmi náà nìyẹn n'Íbàdàn. Wọ́n ki bébà síwájú ẹ̀. Ìgbà tó fi máa bá mi lẹ́sẹ̀ mu, ó ti já.

Òyìnbó tó ń tajà, màmá kan tí irun ẹ̀ ti funfun, wo ọmọ náà, ó mi orí.

"Àpò yìí ò ní ooru tiẹ̀ o. Ara ọmọ yìí ló máa mú un gbóná. Ara ẹ̀ á kàn máa ṣe wàhálà títí ilẹ̀ á fi mọ́ lórí ibi tí ẹnikẹ́ni ò sí."

Láti oṣù kẹjọ ni bẹ́ẹ̀dì èmi àti bàbá ẹ̀ ti ń tutù. Mo ní hítà ni ò dáa. Mo tiẹ̀ ti bá lánlọ́ọ̀dù jà nítorí ẹ̀.

Màmá náà rí ojú mi, ó rẹ ohùn ẹ̀ sílẹ̀. "Tó bá jẹ́ ńlá lẹ fẹ́ dandan, ẹ fi aṣọ gbígbẹ dí ìsàlẹ̀ ẹ̀."

Ọmọ mi, tí kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn, dì mí lọ́wọ́ mú. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká ra ńlá yẹn. Ká fi aṣọ Dádì dí i."

Mi ò tíì ṣí wọ́díróòbù bàbá ẹ̀ látọjọ́ tá a ti sin ín. Ọjọ́ náà ni mo ṣí i. Súwẹ́tà mẹ́ta, ṣòkòtò iṣẹ́ méjì, òórùn ẹ̀ ṣì wà lára wọn. Mo kì wọ́n wọ ìsàlẹ̀ àpò. Ọmọ mi wọnú ẹ̀ lórí ilẹ̀ pálọ̀.

"Ṣé ẹsẹ̀ ẹ kan aṣọ Dádì?"

"Ó kàn án."

"Ṣé ó móoru?"

Ó dijú, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ tọ́mọ mi lọ sórí òkè, mi ò sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wa. Tiẹ̀, tó kéré, ni mo sùn sí. Mo ká ẹsẹ̀ kò kó tó gbà mí, ó sì móoru díẹ̀.