Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ sí Soklogbo

Ọkọ̀ mi ti di ilé adìẹ. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà láti ìgbà tí ẹ̀sáńsì, epo ọkọ̀, ti wọ́n kọjá agbára ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, adìẹ ìyàwó mi sì ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn. Èmi nìkan kọ́. Ní Ìdáàṣà níbí, ọkọ̀ ń dín kù lójú títì, kẹ̀kẹ́ sì ń pọ̀ sí i.

Kẹ̀kẹ́ ni èmi náà fẹ́ gùn lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Soklogbo, bí mo ti máa ń ṣe kí n tó lọ sí yunifásítì. Nígbà náà, tí a bá di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ẹnikẹ́ni kì í dá gun òkè. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ẹsẹ̀ òkè á sọ̀kalẹ̀, á dúró de ẹni tó ń bọ̀, ìbáà jẹ́ àjèjì. Ọ̀kan á di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, èkejì á máa tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà wọ́n á padà wá gbé kẹ̀kẹ́ kejì. Tí ẹ̀gbọ́n mi bá wá pàdé mi, àwa méjèèjì la jọ máa ń gun òkè náà. Mo ṣì ń gbọ́ bó ṣe ń mí lẹ́yìn mi.

Òjò ti wọ́ ọ̀nà tóóró tí à ń gbà nígbà náà lọ. Lójú títì, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ Glazoué kò ní yà fún arúgbó.

Ní ìpàdé mẹ́rì, ilé ìjọba ìlú wa, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi owó ìlú fẹ ibùdókọ̀ lójú. Mo dìde.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ta lẹ fẹ́ fẹ̀ ẹ́ fún? Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Ọkọ̀ ń dín kù, ẹ ń wá àyè fún un. Kẹ̀kẹ́ ń pọ̀, kò rí ọ̀nà gbà. Ẹ fi owó yẹn tún ọ̀nà Soklogbo ṣe."

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ṣì lè gun kẹ̀kẹ́?" ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

"Ẹ la ọ̀nà ná, kí ẹ wá wò mí."

Wọ́n gbà láti tún ọ̀nà náà ṣe, ṣùgbọ́n dé ẹsẹ̀ òkè nìkan. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

"Ẹsẹ̀ òkè?" ó ní. "Àbúrò, ta ni yóò tì ọ́? Ọ̀pá ni mo fi ń rìn báyìí."

"Màá dúró de ẹni tó bá ń bọ̀."

Ó ní: "Tó bá tì ọ́ gòkè, má jẹ̀ẹ́ kó padà o. Sọ fún un pé iṣu wà lórí iná."

Láti àárọ̀ ni mo ti ń ha ìpẹtà kúrò lára ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́ mi.