Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Wé Gèlè Susanna

Kápẹ́ńtà ni Ọládépò Cornelius, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ṣe àga àti ilẹ̀kùn tà ní ọjà Katako ní Niamey. Bí ẹ bá bi àwọn tó jókòó tì í lọ́jà irú èèyàn tó jẹ́, wọ́n á ní kò lẹ́nu, ọwọ́ nìkan ló ní. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó lè fi odidi ọ̀sán fá pákó láìsọ ju "fofo" tí àwọn Zarma fi ń kíni lọ. Ọdún 1951 ló bá ọkọ̀ akẹ́rù wọ ìlú náà, tòun ti ayùn kan àti òòlù kan, ó sì ní ọdún méjì péré lòun fẹ́ lò. Ẹ̀yin náà mọ irú ọdún méjì bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tó fi lọ gbé Susanna níyàwó wá láti ilé, wọ́n gba yàrá àti pálọ̀ ní Zongo, nínú agbo ilé Àlùfáà kan tó jẹ́ ará Ìlọrin. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Josephine sí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ.

Susanna ló ní ẹnu nínú ilé náà, ó sì ní in tó ti ọkọ àti ti ọmọ. Lọ́dún kan, kí Niger tó gba òmìnira, ìyàwó òyìnbó kan pe Cornelius pé kó bá òun gé àwòrán láti ara pákó, tí òun máa fi ṣe pálọ̀ òun lọ́ṣọ̀ọ́ fún Kérésìmesì: ọmọ ọba, ilé inú igbó, ẹranko tó wọ bàtà. Ó ní àwọn àlọ́ ìlú àwọn ni. Cornelius délé, ó ròyìn rẹ̀, Susanna sì kùn. Ó ní ṣé àwọn òyìnbó nìkan ló ní àlọ́ ni? Ṣé nítorí pé a jìnnà sílé ni ògiri wa á ṣe wà lófìfo bí ilé ẹni tí wọ́n lé jáde?

Bó ṣe di àṣà wọn nìyẹn. Bí oṣù Kejìlá bá ti dé, Susanna á mú àlọ́ kan. Cornelius á gé àwọn ẹranko inú rẹ̀ láti ara pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lára àpótí tíì, á fi ọ̀dà ilẹ̀kùn tó ṣẹ́ kù kùn wọ́n, á kàn wọ́n mọ́ ògiri pálọ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú àlọ́, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú fèrèsé. Lọ́jọ́ ọdún, gbogbo ọmọ agbo ilé, àti ti Mùsùlùmí àti ti onígbàgbọ́, á wá jẹ ìrẹsì, wọ́n á máa fọwọ́ tọ́ ẹranko wò. Wọ́n á bẹ Susanna títí kó pàlọ́ náà, kò ní ṣí ẹnu títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ó ní ẹni tó bá pàlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ á kú. Bí ìyá rẹ̀ ṣe sọ fún un nìyẹn, bí òun náà sì ṣe sọ fún Josephine nìyẹn.

Ní 1962, àlọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ tó sọ ara rẹ̀ di ìyàwó ló mú. Ọ̀kẹ́rẹ́ gbọ́ pé erin ń gbéyàwó, ó sì mọ̀ pé oúnjẹ kì í wọ́n níwájú ìyàwó. Ló bá wé gèlè, ó lọ jókòó sípò onípò. Ẹranko méje ló wá kí i, kálukú pẹ̀lú orin tirẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó ká gèlè kúrò lórí rẹ̀. Àlọ́ náà gùn. Gbogbo ìgbà tí Susanna bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, oorun á ti gbé Cornelius lọ kó tó dé orí ẹranko kẹta. Ojú sì ń tì í láti tún bi í, nítorí Susanna kì í fi oorun rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kékeré.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Josephine, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀ ní Katako. Ó ní kí ọmọ náà sọ bí àwọn ẹranko ṣe tẹ̀ léra fóun. Josephine kọ̀, ó ní Màmá ní a kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Cornelius rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn àgbà kàn fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni, kí wọ́n má bàa fi àlọ́ sá fún iṣẹ́. Nígbà tó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ọmọ náà jókòó sórí ìdì pákó, ó pa àlọ́ náà torin-torin, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, oòrùn wà lókè gangan. Bàbá rẹ̀ ń fi pẹ́ńsùlù sàmì sára pákó. Nígbà tí wọ́n parí, ó ní kó má sọ fún ìyá rẹ̀.

Kérésìmesì ọdún náà dùn. Ẹnu ya Susanna pé ọkọ òun ò ṣi ẹranko kankan tò. Ó ya etí gèlè aláwọ̀ búlúù tó wà lórí rẹ̀, ó wé e fún ọ̀kẹ́rẹ́ onípákó náà, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nínú oṣù Kẹta tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ooru ti mú gan-an, yírùnyírùn wọ Niamey, àìsàn tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau. Lọ́jọ́ Ajé, Susanna ní ọrùn ń dun òun. Lọ́jọ́rú, wọ́n sin ín.

Láti ìgbà náà ni Josephine ti dákẹ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń pọnmi, ó ń lọ sílé ìwé, ó ń dáhùn bí wọ́n bá pè é, ṣùgbọ́n kò sunkún rí, kò sì rẹ́rìn-ín. Cornelius rò pé ìdákẹ́ tòun ló jogún. Nígbà tí oṣù Kejìlá 1963 dé, àwọn ará ìjọ ní kò yẹ kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni Cornelius ń wá, kó gbọ́ ẹ̀rín ọmọ rẹ̀ kí ọdún tó parí. Ó pinnu láti tún kan ọ̀kẹ́rẹ́ àti àwọn àlejò rẹ̀ mọ́ ògiri, nítorí àlọ́ tiwọn ni Susanna mú kẹ́yìn.

Ọ̀la di ọdún, ó tètè kúrò ní Katako lọ́sàn-án, ó fa àpótí tí wọ́n kó àwọn ẹranko náà sí jáde lábẹ́ ibùsùn. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó pe Josephine, ó bi í, ọmọ náà tẹjú mọ́lẹ̀. Cornelius, tí kì í pariwo, pariwo lọ́jọ́ náà. Ariwo yẹn ló mú Ràhámọ̀tù, ìyàwó Àlùfáà, wọlé pẹ̀lú ẹrù kan tó fi aṣọ dì.

Ràhámọ̀tù ní, "Bàbá Josephine, ẹ má bá a wí. Ó kó wọn fún mi pé kí n fi dáná. Ẹ̀rù bà mí láti jó ohun tí ìyá rẹ̀ wé gèlè sí, mo bá kó wọn pa mọ́."

Ó gbé ẹrù náà kalẹ̀, ó jáde. Cornelius jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ọmọ rẹ̀, ó bi í pé kí ló dé.

"Bàbá, mo pàlọ́ lọ́sàn-án," ni Josephine wí.

Cornelius kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Ó ti gbàgbé. Ẹ gbọ́ o: ohun tí ọmọ fi oṣù mẹ́sàn-án gbé kiri, bàbá tó dì í rù ú ti gbàgbé pátápátá. Nígbà tó rántí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹni tí kò lẹ́nu. Ó ní yírùnyírùn ló pa Màmá, dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló ń fúnni, òun náà ló ń gbà. Ó ní Màríámọ̀, ìyá àwọn ìbejì ojúlé kejì, kú lọ́sẹ̀ kan náà. Ṣé àwọn ìbejì tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ ló pàlọ́ lọ́sàn-án?

Josephine rò ó dáadáa. "Wọ́n ṣáà ní ẹ̀gbọ́n kan," ló wí.

Cornelius rí i pé kò sí bí òun ṣe lè sọ ẹrù náà nù. Ohun tó kù ni kí ẹnìkan gbà á rù.

Ó ní, "Ta ló ní kí o pa á?"

"Ẹ̀yin ni."

"Ṣé o kọ̀ ni àbí o ò kọ̀?"

"Mo kọ̀."

"Ọmọdé kì í jẹ̀bi iṣẹ́ tí àgbà rán an. Ọrùn mi ló wà, kì í ṣe ọrùn tìrẹ."

Ọmọ náà gbójú sókè wò ó, ó wò ó pẹ́. "Ṣé ẹ̀yin lẹ pa Màmá, Bàbá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Cornelius wí. "Èmi ni."

Josephine bú sẹ́kún. Ẹkún oṣù mẹ́sàn-án ni, ó sun ún títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó tú ẹrù náà. Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń kan àwọn ẹranko mọ́ ògiri, òun ló ń na ìṣó sí i, ìka ló sì fi ń tọ́ka sí èyí tó kàn, nítorí oòrùn kò tíì wọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kẹ́rẹ́ kọ́, gèlè rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Josephine tún un ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré ni, ṣùgbọ́n Cornelius gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ọmọ náà wọ yàrá lọ, ó ká ẹní rẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ó ní òun ń tọrọ àyè. Láti òní lọ, yàrá ìyàwó Àlùfáà lòun fẹ́ máa sùn.

Cornelius ní kò burú. Nígbà tí ọmọ náà jáde tán, ó mú òòlù rẹ̀, ó ń wá ìṣó tí kò tíì wọlé dáadáa.