Nọ́ọ̀sì Tó Ń Béèrè Ọkọ

"Ìyàwó, ọkọ ẹ dà? Ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ bímọ ni?" Bí nọ́ọ̀sì àgbà kan ní Uwani, ní Enugu, ṣe kí mi nìyẹn. Kì í yẹ obìnrin wò fún àìrọ́mọbí láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ bá a wá. Àgbo tí ìyá ọkọ mi fún mi kí n lè lóyún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ̀rù àgbo náà ṣì ń bà mí, mo bá padà lọ mú ọkọ mi wá. Àyẹ̀wò fi hàn pé ara ọkọ mi ni ìṣòro wà. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láìdárúkọ wa, ó sì gbé ìwé náà lọ sí Àbújá nígbà tí ìjọba ń ṣètò ìtọ́jú àìrọ́mọbí. Wọ́n fi àyẹ̀wò ọkùnrin sínú ètò náà, ìròyìn rẹ̀ sì jáde. Orí mi wú lọ́jọ́ tí ọkọ mi fúnra rẹ̀ ka ìròyìn náà fún ìyá rẹ̀ lórí fóònù.